Àyẹ̀wò Kíláàsì Ìtàn Ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Ìbarà: Àgbègbè Kurdistan ní Ayé Sófíẹ́ẹ̀tì

Yàrá ìkàwé aládàáni kan wà ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, tí ó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ẹnikẹ́ni tí ó bá san owó ìjókòó. Kì í ṣe ilé-ìwé, kò sì sí ìdánwò tàbí ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀. Àgbà olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó ń darí rẹ̀, àwọn tí ó sì ń wá jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé girama, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kàn fẹ́ràn ìtàn. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí tí wọ́n ṣe lórí àwọn àgbègbè ìgbèríko tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì dá sílẹ̀ láti ọdún 1923, tí wọ́n sì tún pa rẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó pé ọdún mẹ́wàá. Àgbègbè Kurdistan, ní ilẹ̀ Azerbaijan, tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀yà Kurd sọ, ni wọ́n gbé ka àárín ẹ̀kọ́ náà.

Èrò mi ni pé ẹ̀kọ́ náà dára gan-an, ó sì ju owó tí wọ́n ń gbà lọ. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ó mú ibi kékeré kan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó sì tẹ̀lé e láti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n pa á rẹ́, láìfi ojú kékeré wò ó. Ìtàn Rọ́ṣíà tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé kì í kúrò lórí Lenin, Stalin àti ìlú Moscow; a kì í gbọ́ bí àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ darandaran tí ó wà lórí òkè, tàbí ọ́fíìsì wo ni darandaran náà ní láti rìn lọ bí ó bá fẹ́ san owó-orí tàbí bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ohun tí kíláàsì yìí fi kún ìmọ̀ mi nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà pín sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì. ₦3,000 ni owó ìjókòó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi fótókọ́pì ṣe sì wà nínú owó náà. Ẹni tí kò bá lè wá sí gbogbo rẹ̀ lè san ti ọjọ́ tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n n kò gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn láti fo ti ọjọ́ kìíní, nítorí pé ibẹ̀ ni olùkọ́ ti ṣàlàyé gbogbo orúkọ tí wọn yóò máa lò títí dé òpin.

Ní ọjọ́ kìíní yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ìjọba tuntun bá nílẹ̀. Kí ìjọba tsar, ọba Rọ́ṣíà, tó ṣubú ní ọdún 1917, guberniya ni ẹkùn ńlá, uyezd ni àgbègbè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, volost sì ni àkójọ àwọn abúlé tí àwọn àgbẹ̀ ti ń lọ bá akọ̀wé fún ọ̀rọ̀ owó-orí, ìwé ìrìnnà àti ẹjọ́ kéékèèké. Ogun abẹ́lé àti ìyàn ọdún 1921 sí 1922 ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kò sí owó tí wọn yóò fi san owó oṣù ẹgbẹẹgbẹ̀rún akọ̀wé, àwọn tí ó mọ̀wé tí ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì sì lè fọkàn tán kò tó nǹkan ní ìgbèríko. Lẹ́yìn èyí, àwọn olùṣètò ọrọ̀ ajé ní ilé-iṣẹ́ Gosplan ń sọ pé ààlà tí ìjọba tsar fi sílẹ̀ kò bá ọ̀nà tí ọjà, ojú irin àti ilé-iṣẹ́ ń gbà ṣiṣẹ́ mu, àti pé ó yẹ kí wọ́n pín ilẹ̀ náà lọ́tun ní ìbámu pẹ̀lú ọrọ̀ ajé rẹ̀.

Ukraine ni olùkọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú ìwé pẹlẹbẹ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1923, uyezd 102 tí ó wà níbẹ̀ di okruha 53 (àgbègbè tí ó rọ́pò uyezd), volost 1,989 sì di raion 706 (àgbègbè kékeré tí ó rọ́pò volost). Wọ́n ní kí àwa fúnra wa ṣe ìṣirò rẹ̀: volost bíi mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ di raion kan. Ìbéèrè tí wọ́n bi wá lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ràn jù ní ọjọ́ náà: ta ni ó jèrè nínú ìpapọ̀ yìí, ta ni ó sì pàdánù? Ìjọba dín owó oṣù kù, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ọ́fíìsì volost wà nítòsí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wá rí i pé ọ́fíìsì raion ti jìnnà sí òun ju ti àtijọ́ lọ, ní ìgbà òjò dídì tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kì í rọrùn láti lò. Ìpín tuntun náà pàápàá kò dúró. Wọ́n pa guberniya rẹ́ ní Ukraine ní ọdún 1925, wọ́n pa okruha rẹ́ ní ọdún 1930, ní ọdún 1932 wọ́n sì tún dá ẹkùn ńlá mìíràn, tí wọ́n ń pè ní oblast, sílẹ̀. Àgbẹ̀ kan lè wà nínú ilé kan ṣoṣo, kí ó má ṣí kúrò níbẹ̀ rárá, kí orúkọ àgbègbè tí ilé rẹ̀ wà sì yí padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ lórí Kurdistan, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé olùkọ́ yìí mọ iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1923 ni ìjọba Azerbaijan ti Sófíẹ́ẹ̀tì dá uyezd Kurdistan sílẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá àgbègbè Nagorno-Karabakh sílẹ̀ fún àwọn ará Armenia tí ó wà nínú Azerbaijan. Ilẹ̀ òkè ni Kurdistan yìí, ó wà láàárín Nagorno-Karabakh àti orílẹ̀-èdè Armenia, tí ó fi jẹ́ pé òun ni ó dá àwọn méjèèjì sí ọ̀tọ̀. Lachin ni olú-ìlú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: Karakushlak, Koturli, Kelbajar, Kubatly, Kurd-Haji àti Muradkhanli. Àwọn tí ń sin àgùntàn àti màlúù pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n máa ń kó ẹran wọn gòkè lọ sí pápá orí òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì máa ń kó wọn sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà òtútù. Ààlà ìjọba tí wọ́n bá fà sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gé ọ̀nà ẹran sí méjì, kí pápá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà lábẹ́ ọ́fíìsì kan, kí ti ìgbà òtútù sì wà lábẹ́ òmíràn.

Olùkọ́ tẹnu mọ́ ohun kan tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń gbójú fò. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa pe àgbègbè yìí ní Kurdistan Pupa, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ìjọba olómìnira fún àwọn Kurd ni. Uyezd lásán ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn uyezd yòókù ní Azerbaijan, kò sì ní àṣẹ láti dá ṣàkóso ara rẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Nagorno-Karabakh. Orúkọ ẹ̀yà ni ó ní, kò ní ẹ̀tọ́ ẹ̀yà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì láti lóye bí ó ṣe rọrùn tó láti pa á rẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀: àṣẹ tí ó pa gbogbo uyezd rẹ́ ní Azerbaijan pa á rẹ́ pẹ̀lú wọn, kò sì sí ìdí kankan nínú òfin tí wọn yóò fi yọ òun nìkan sọ́tọ̀.

Apá tí wọ́n fi ka ètò ìkànìyàn ni mo kà sí ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1926. Ní uyezd Kurdistan, ènìyàn 51,426 ni wọ́n kà. Nínú wọn, 37,182 ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Kurd, èyí tí ó jẹ́ 72.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè èdè abínibí, 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé èdè Turk, èyí tí a ń pè ní èdè Azerbaijan lónìí, ni èdè àwọn. Olùkọ́ kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ara bọ́ọ̀dù, wọ́n sì jókòó. Wọn kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀, wọ́n jẹ́ kí àwa tí a wà níbẹ̀ jiyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ pé akọ̀wé ìkànìyàn ni ó fẹ́ kí Kurd pọ̀, kí orúkọ àgbègbè náà lè bá àwọn ènìyàn inú rẹ̀ mu. Ìyá àgbà kan dá a lóhùn pé èdè lè kúrò lẹ́nu ènìyàn láìjẹ́ pé ìran rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì rán wa létí àwọn ìdílé Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone padà wá sí Abẹ́òkúta láti nǹkan bíi ọdún 1839, tí Gẹ̀ẹ́sì di èdè ilé fún púpọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe Ẹ̀gbá.

Mo gbà pẹ̀lú ìyá àgbà náà ní tèmi. Ètò ìkànìyàn ọdún 1926 béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀yà lọ́tọ̀, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ èdè lọ́tọ̀, èyí tí ó fi hàn pé àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tí ó yẹ kí a bi ìjọba ìgbà náà ni pé, nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé èdè Turk ni ó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn wọ̀nyí, èdè wo ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ wọn ní ilé-ìwé? Ó wù mí kí kíláàsì náà gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò jinlẹ̀, nítorí pé àkókò tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń polongo pé kí olúkúlùkù ẹ̀yà máa fi èdè tirẹ̀ kàwé, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì máa di ipò ìjọba mú, ni ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n lò lórí rẹ̀.

Bí àgbègbè náà ṣe parí yá ju bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 1929, ìpàdé ńlá àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì (ìgbìmọ̀ ìjọba) Azerbaijan fọwọ́ sí ìpín tuntun, gbogbo uyezd sì lọ, títí kan Kurdistan. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1930 ni wọ́n tún gbé orúkọ náà dìde, ní ìgbà yìí gẹ́gẹ́ bí okrug Kurdistan (okrug ni orúkọ Rọ́ṣíà fún okruha), tí ilẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ti uyezd lọ, Lachin sì tún ni olú-ìlú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù keje ọdún kan náà, àṣẹ ti Moscow wá pé kí wọ́n pa okrug rẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, kí raion máa dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò pẹ̀lú olú-ìlú tààrà. Okrug Kurdistan kò pé oṣù méjì. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ń fi agbára kó àwọn àgbẹ̀ sínú oko àjùmọ̀ní, ìjọba sì fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ọ́fíìsì okrug tú ká lọ sí raion, níbi tí iṣẹ́ ìfipámúni yìí ti ń lọ lọ́wọ́. Àṣẹ tí ó pa ọ́fíìsì Lachin rẹ́ kò ní ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ àwọn Kurd rárá, èyí ni ó sì dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́, pé ẹ̀yà kan lè pàdánù ibi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó láti gbèrò nípa rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1937, ìjọba kó ọ̀pọ̀ Kurd láti Azerbaijan àti Armenia lọ sí Kazakhstan àti Kirghizia ní tipátipá. Lachin bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Armenia ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, Kelbajar ní oṣù kẹrin ọdún 1993, àwọn ará ibẹ̀ sì sá kúrò nílé. Ìgbà tí ọdún 2020 ń parí lọ ni Kelbajar padà sí ọwọ́ Azerbaijan, ìlú Lachin fúnra rẹ̀ sì padà ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Olùkọ́ sọ èyí ní ṣókí, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ kíláàsì di ibi ìjà lórí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Mo kí wọn fún èyí.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n kọ́kọ́ fi Kurdistan wé àgbègbè Marchlewsk ní Ukraine, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Poland tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Zhytomyr ní ọdún 1925. Julian Marchlewski, ọmọ Poland tí ó jẹ́ Kọ́múníìsì, tí ó kú ní ọdún náà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Níbẹ̀, èdè Poland ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìjọba àti ti ilé-ìwé. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò fẹ́ oko àjùmọ̀ní, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí wọn nítorí pé ààlà Poland kò jìnnà, wọ́n pa àgbègbè náà rẹ́ ní ọdún 1935, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Kazakhstan ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ìfiwéra yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe: ó fi hàn pé ọ̀nà tí wọ́n gbà pa Kurdistan rẹ́ àti èyí tí wọ́n gbà pa Marchlewsk rẹ́ yàtọ̀, ọ̀kan jẹ́ àtúntò ọ́fíìsì, èkejì jẹ́ ìjìyà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá kan Abẹ́òkúta, ibẹ̀ sì ni àbùkù ńlá ẹ̀kọ́ náà wà. Olùkọ́ fẹ́ kí a ronú lórí Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1898 lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, tí ó ní ilé ẹjọ́ àti àpò owó tirẹ̀, tí Adégbóyèga Ẹ̀dún jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, tí òmìnira rẹ̀ sì dúró lórí àdéhùn ọdún 1893 pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjẹmọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n fagi lé àdéhùn náà ní oṣù kẹsàn-án, ìjọba náà sì parí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó lò. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀, kò sì sí ìlú tí ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ ju ìlú yìí lọ, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí ni ó kù nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn mi kò sì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìjọba Ẹ̀gbá jẹ́ ohun tí àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn kópa nínú dídá sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ gómìnà Èkó wà nínú rẹ̀. Uyezd Kurdistan jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Baku, olú-ìlú Azerbaijan. Ṣé nítorí èyí ni Ogun Adùbí fi wáyé ní ọdún 1918, nígbà tí àwọn ará oko Ẹ̀gbá dìde sí owó-orí tuntun, tí wọ́n sì tú ojú irin? Mo mọ̀ pé olùkọ́ náà ní ìdáhùn, nítorí pé ẹni tí ó ka tábìlì ìkànìyàn bí wọ́n ṣe kà á kò ní ṣàìní èrò lórí ìtàn ilé wọn.

Ní ti ìtọ́jú àwọn oníbàárà, àga wọn dára, afẹ́fẹ́ ń wọlé, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n dá, èyí tí mo mọ rírì rẹ̀ gidigidi. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí abẹ́ fèrèsé máa ń bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀, àwọn tí ó bá jókòó sẹ́yìn kò sì ní gbọ́ dáadáa; ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Máàpù inú ìwé pẹlẹbẹ kò dára rárá. Fótókọ́pì ti mú kí ààlà parẹ́, Lachin kò hàn, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí Nagorno-Karabakh wà kò lè lóye ìdí tí ilẹ̀ tóóró yìí fi ṣe pàtàkì. Wọ́n tún kọ orúkọ ìlú kan ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta káàkiri ìwé náà, èyí tí yóò da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú bí ó bá fẹ́ wá a kiri nínú ìwé mìíràn. Kí ẹ ṣí máàpù ilẹ̀ Caucasus sórí fóònù yín kí ẹ tó wọlé ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sì wá Lachin, Kelbajar àti Shusha, ìlú kan ní Nagorno-Karabakh, lórí rẹ̀.

Mo rò pé ẹ̀kọ́ yìí yẹ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ìjọba ìbílẹ̀ 20, ìlú tí ó ń béèrè fún tirẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò rí i níhìn-ín pé orúkọ lórí máàpù, ọ́fíìsì tí ó ní owó lọ́wọ́, àti ẹ̀tọ́ tí òfin dáàbò bò jẹ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Olùkọ́ ìtàn tàbí ti ètò ìjọba ní girama yóò rí ohun tí yóò lò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí kò bá tíì wọ kíláàsì àgbà ní girama kò ní gbádùn rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà pọ̀, olùkọ́ kì í sì í dẹ ọ̀rọ̀ wọn lójú. Fún àwọn tí ó ń darí yàrá ìkàwé náà, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n tún máàpù náà tẹ̀, kí wọ́n sì fi odindi ọjọ́ karùn-ún kan kún un fún Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá. Èmi yóò san owó ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀.